Ijó Tí Kì Í Balẹ̀

Èmi ni mo máa ń rán bàtà rẹ̀.
Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ibi tí mo dúró sí:
mi ò sanwó ìwọlé, mi ò jókòó sórí àga,
ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni mo wà, abẹ́rẹ́ lẹ́nu,
òwú dúdú ní ọrùn ọwọ́,
fún ọdún mọ́kàndínlógún.

Serafínì Àwẹ̀ró, ọmọ Kétu, ọmọ ìtòsí Àkábà Ìdẹ̀nà.
Ìyá rẹ̀ ń ta bẹntiróòlù nínú ìgò lójú ọ̀nà Ìlárá.
Ọmọ ń fò láàárín ìgò, kò da ọ̀kan nù.
Tíṣà Láléyẹ láti Àjàṣẹ́ ra lítà márùn-ún,
ó gbàgbé ṣéńjì rẹ̀,
ọmọ sáré tẹ̀ lé mọ́tò, ó fo gọ́tà mẹ́ta,
eruku pupa kò tilẹ̀ rí ẹsẹ̀ rẹ̀ dì mú.
Tíṣà dúró. Kò gba ṣéńjì.
Ọmọ ló bẹ̀ wọ́n fún.

"Kí ni wọ́n ń pe ijó ọ̀hún?" ni ìyá àgbà bi í.
"Balẹ́, màmá."
"Balẹ̀?
Kí ló wá dé tí ẹ ò jẹ́ kó balẹ̀?"

Ó ṣe ẹyẹ. Ó ṣe ìyàwó tó kú sínú omi.
Ó ṣe sójà, mo rán bọ́tìnnì mẹ́rìnlá sí i láyà.
Ó ṣe bàbá arúgbó tó ń wá ìgò ọtí rẹ̀ kiri,
àwọn èèyàn ń nu ojú,
bóyá ẹ̀rín ni, bóyá ẹkún ni, mi ò lè sọ.
Lálẹ́ ọjọ́ kan, inú run ẹni tó fẹ́ ṣe ọba,
ìṣẹ́jú méjìlá péré ni mo ní láti gé agbádá bá a mu.
Ó gun orí ìtẹ́, ó sọ Faransé bí gómìnà,
ó yíjú padà, ó sọ Ègùn,
ó wá fi Kétu gidi bú gbogbo wa,
ilé mì tìtì.

Ẹ̀yin rí apá tó ń là bí ìyẹ́.
Èmi rí èékánná tó já sínú bàtà,
òrí tí mo fi ń pa á,
òwú pupa tí mo ń yọ, tí mo ń jù sínú garawa.
Ó ní, "Má sọ fún ìyá mi."
Mi ò sọ.
Ìyá rẹ̀ mọ̀.

Láti Líyọ́ọ̀nù, ó kọ káàdì kan sí mi:
"Òtútù ibí ń jẹ egungun.
Wọ́n ní itan mi ti tóbi jù.
Mo fi Kétu bú wọn,
wọ́n pàtẹ́wọ́."

Ọdún kọkànlélógójì rẹ̀ ni orúnkún ọ̀tún dún,
l'Ájàṣẹ́, láàárín eré,
kà! bí igi gbígbẹ.
Mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn aṣọ.
Ó fi ẹsẹ̀ kan parí ijó náà,
àwọn olùwòran rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́.

Nígbà tí ìyá àgbà kú, ó délé láìwọ bàtà.
Ó jó lágbàlá, jẹ́ẹ́jẹ́, láìfò,
gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù,
a kò rí irú rẹ̀ rí lórí pèpéle kankan.
Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Kò yẹ.

Ní gbogbo Sátidé báyìí, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀,
ó ń fi ọwọ́ jó lórí àga
fún ọmọ mọ́kànlá àti ewúrẹ́ kan.
Ó ń pariwo: "Ẹsẹ̀ yẹn ń sùn!"

Bàtà òsì, ti alẹ́ ọjọ́ yẹn,
ṣì wà nínú àpótí mi.
Mi ò tíì rán an.